Omi, Ilá àti Ìdì Igi



Bí obìnrin bá jí ní ìdájí, tí ó gbálẹ̀, tí ó fọ abọ́, tí ó wẹ ọmọ, tí ó sì dáná, kí ó tó di ọjọ́rọ̀ ilẹ̀ ti tún dọ̀tí, abọ́ ti kún, ọmọ ti yí eruku, oúnjẹ sì ti tán nínú ìkòkò. Iṣẹ́ ilé kì í ní àmì tí a lè tọ́ka sí, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi ń pè é ní nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ní ìlú Ọ̀wọ̀, ọdún pàtàkì tí gbogbo ìlú ń ṣe ti inú nǹkan kékeré ilé mẹ́ta wá: omi tí a dà sí àgbàlá, ilá tí a lọ̀, àti ìdì igi tí a jù sílẹ̀.

Ìtàn tí àwọn àgbà Ọ̀wọ̀ ń sọ ni pé Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ̀ngẹ́jẹ̀n fẹ́ arẹwà obìnrin kan tí ń jẹ́ Ọ̀rọnsẹ̀n, kò sì mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn lásán. Èèwọ̀ mẹ́ta ni obìnrin náà ní. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá níṣojú rẹ̀. Ẹni tí ó sì ti oko dé kò gbọdọ̀ ju ìdì igi rẹ̀ sílẹ̀ gbì níbi tí ó bá wà. Ọba fẹ́ràn aya yìí púpọ̀, ó sì ń pa èèwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìfẹ́ náà ni ó bí àwọn orogún rẹ̀ nínú. Wọ́n gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n sì ṣe ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọnsẹ̀n bínú jáde nílé, ó wọ inú igbó lọ, àwọn tí wọ́n lépa rẹ̀ kò sì lè mú un padà mọ́. Ó ní kí wọ́n máa fi ọrẹ rántí òun lọ́dọọdún.

Èyí ni ìpìlẹ̀ ọdún Igógó tí wọ́n ń ṣe nínú oṣù Kẹsàn-án fún ọjọ́ 17. Ní àsìkò náà a kì í lu ìlù. Agogo ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ a di irun bí obìnrin, a sì fi iyùn ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọdún 1971, Ekpo Eyo, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, wa ilẹ̀ ní Igbó Lájà, ibi tí ìtàn so mọ́ Ọ̀rọnsẹ̀n, ó sì rí àwọn ère amọ̀ tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn náà dáadáa. Ọkọ mọ èèwọ̀ aya rẹ̀, ó sì pa á mọ́, síbẹ̀ aya náà lọ. Ìmọ̀ ọkọ nìkan kò tó. Ohun tí ó ń mú obìnrin dúró nílé, tàbí tí ó ń lé e jáde, wà lọ́wọ́ gbogbo ará ilé, nínú ohun tí wọ́n ń ṣe láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú. Nítorí náà ni mo fi ní kí a jọ to iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹẹsẹ.

Ọjọ́ Ajé ni kí a fi fún omi. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá ti yé ẹyin sínú omi tí a kò dé títí di ìgbà tí ọmọ rẹ̀ yóò fò, ó lè má ju ọjọ́ 7 sí 10 lọ. Nítorí náà, kí a má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí a tó da omi ìsàlẹ̀ àmù àti garawa nù. Kí a fi kànìnkànìn ha ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀, nítorí pé ẹyin àwọn ẹ̀fọn kan a máa lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà kí a pọn tuntun, kí a sì dé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ rẹ àgbàdo. Ní Ọjọ́bọ̀ ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ògì lè tòrò di ọjọ́ Ẹtì. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba abiyamọ nímọ̀ràn pé kí ó fi ọmú nìkan bọ́ ọmọ títí oṣù 6, lẹ́yìn èyí kí ó máa fi oúnjẹ mìíràn kún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ ṣíṣàn nìkan kò lè gbé ọmọ ró. Ẹ po edé tí a gún kúnná, tàbí ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná, mọ́ ọn.

Ọjọ́rú jẹ́ ti ìyàwó ilé fúnra rẹ̀. Nígbà kan rí, òfì kì í wọ́n nílé àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀. A ó gbé e dúró sí ara ògiri, ìyàwó ilé a sì máa hun aṣọ lórí rẹ̀. Aṣọ tirẹ̀ fẹ̀ ju ti òfì ọkùnrin lọ, tí ó jẹ́ pé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń hun. Méjì tàbí mẹ́ta péré ni a ó rán pọ̀ kí ó tó di ìró. Iṣẹ́ yìí bá abiyamọ mu. Bí ọmọ bá ké, a ó fi í sílẹ̀. Bí ọmọ bá sùn, a ó padà sí i, nítorí pé òwú kì í jóná bí ọbẹ̀. Ẹni tí kò bá rí òfì, kí ó mú abẹ́rẹ́ àti okùn. Ohun tí mo ń wí ni pé kí iṣẹ́ kan wà tí a kò ní jẹ tán ní alẹ́ ọjọ́ tí a ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì ni ti igi ìdáná. Kí a ṣa gbígbẹ sọ́tọ̀ kúrò lára tútù, nítorí pé igi tútù ń rú èéfín púpọ̀, èéfín sì ń ba àyà ọmọ jẹ́. Kí a má ṣe pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí èéfín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí ilá bá pọ̀ lọ́jà, ẹ ra á, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sá a sórí atẹ tí ó ga nílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilá tútù bá wọ́n, orúnlá yín yóò dùn mọ́ ẹbí.

Ọjọ́ Àìkú ni ti ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí tọkọtaya jókòó, kí ìyá ọkọ náà wà níbẹ̀ bí ó bá ń bá wọn gbé. Kí kálukú sọ ohun kan tí kò lè fara dà. Ìyàwó lè wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ọmọ, ẹ má ṣe bá mi wí níṣojú àwọn ọmọ.” Ọkọ lè wí pé kí a má ṣe yá owó ilé fún ẹnikẹ́ni láìsọ fún òun. Ìyá àgbà lè ní kí a má ṣe jí òun lójú oorun ọ̀sán. Kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ, kí ọmọ ọ̀dọ̀ gbọ́ ọ, nítorí pé ọwọ́ ẹni tí kò gbọ́ ni èèwọ̀ ti ń bàjẹ́.

Kò sí ohun tí ó níyelórí púpọ̀ nínú omi, ilá àti ìdì igi. Síbẹ̀, ìlú ńlá kan ń ṣí fìlà ní ọdọọdún nítorí obìnrin tí a fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣẹ̀. Yóò dára kí a bi aya ní ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà nílé.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ilé yín yóò tòrò o.