Owó Inú Káàdì Ọkọ̀, Àmánà Ni

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ BRT ní Ketu àti Mile 12 mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2008, láti Mile 12 dé Erékùṣù Èkó, tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé là ń rà. Káàdì Cowry la ń lò báyìí. Owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná ni orúkọ yẹn, àmọ́ àwọn kò dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí wọ́n tó ra iṣu.

Ẹ wo ìyá tó ń bọ̀ láti ọjà Mile 12. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò gbà á nínú ọkọ̀. Ẹni tó yẹ kó bá a fi owó sí káàdì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Ẹlòmíràn rèé, báńkì ti yọ owó, káàdì ṣì ṣófo. Ẹni tó sì gbàgbé láti fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tó sọ̀kalẹ̀ lè rí i pé owó ibi tí òun kò dé ni wọ́n yọ.

Lójú tèmi, owó tí èrò kò tíì fi wọkọ̀ kò tíì di ti ọlọ́kọ̀. Àmánà ni. Ẹ̀rọ yẹn náà sì jẹ́ òṣùwọ̀n bíi kóńgò oníṣòwò. Ẹ ṣáà mọ ohun tí Suratul Mutaffifīn dá lé. Ó yẹ kí ẹni tí èèyàn lè fẹjọ́ sùn wà ní ibùdókọ̀, tó lè dá owó padà lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwọ ọ̀dọ́ tó ń sọ pé, "Wọ́n jẹ mí lánàá, n kò ní sanwó lónìí," n kò sí lẹ́yìn rẹ. Ta ló bá ọ ṣírò rẹ̀? Kọ ọjọ́, aago àti nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì, kí o sì bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ. Bí wọn kò bá dáhùn, tún bèèrè. Ìyẹn kò sọ ọ́ di adájọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi káàdì tiwọn sanwó fún ẹlòmíràn náà wà níbẹ̀. Iye owó ọkọ̀ gan-an ni kí o gbà lọ́wọ́ ìyá yẹn, sàárà ni. Bí o bá sì máa gbà lé e, sọ ọ́ kí káàdì tó kan ẹ̀rọ, kí wọ́n lè yàn bóyá dáńfó ni àwọn máa wọ̀.