"Iṣan" Nìkan Kò Tó

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Àgbà, ti ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ojú ilé ọmọ rí, wọ́n sì gba ìtọ́jú onítànṣán. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti inú kíndìnrín lọ sí àpò ìtọ̀ fún, dókítà sì ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lọ pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìtọ̀ wọn jáde. Á wá lónìí, á dáwọ́ dúró lọ́la. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tó wá sí wọn lọ́kàn ni "àtọ̀sí", bẹ́ẹ̀ àrùn ìṣekúṣe ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Opó bíi tiwọn, ta ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dídì jáde ni mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Gẹ̀ẹ́sì ni dókítà ń sọ, èmi ni mo ń túmọ̀. Mo ní, "Mọ́mì, wọ́n ní ó jọ pé rọ́bà yẹn ti ha iṣan yín lu." Wọ́n dáhùn pé, "Iṣan kẹ̀? Bá mi wá òrí, kí n fi wọ́ ọ."

Ẹ̀bi wọn kọ́. Pọ́n-na ni mo sọ. "Iṣan" kan náà ni a ń lò fún ohun tó ń fà wá lẹ́sẹ̀, fún ohun tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn, àti fún èyí tó ń dá a padà.

Ohun tó yẹ kí n sọ nìyí. Ní ìbàdí, ọ̀nà ìtọ̀ gba orí iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán lè sọ ibẹ̀ di ẹlẹgẹ́. Bí rọ́bà bá wà níbẹ̀ pẹ́, tí iṣan náà sì ń lù kìkì, ara àwọn méjèèjì lè jẹ títí wọn yóò fi lu sí ara wọn. Àìsàn náà ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń pani. Àwòrán inú ara lè má fi í hàn nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dá, ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ gbọ́ ìtàn aláìsàn dáadáa. Fífa rọ́bà náà jáde láìmúra sílẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya. Ní ti Mọ́mì, wọ́n gba abẹ́ itan wọ inú iṣan náà, wọ́n fi páìpù kékeré tí a fi aṣọ bò tẹ́ inú rẹ̀, ihò náà sì dí.

Àwọn kan lára wa máa ń sọ pé kí a fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún ìmọ̀ ìṣègùn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni Mọ́mì fi dákẹ́, Yorùbá náà ni wọ́n fi ṣì mí gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a pe ti àkọ́kọ́ ní "iṣan àlọ-ẹ̀jẹ̀", kí èkejì jẹ́ "iṣan àbọ̀-ẹ̀jẹ̀", kí "ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀" sì dúró lọ́tọ̀ sí "àtọ̀sí". Bí orúkọ tèmi kò bá dára, ẹ mú èyí tó sàn wá.

Lọ́dọọdún ni a ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ọ̀rọ̀-orúkọ àti ìró ohùn. Kí díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn, tí a ti gbé lọ bá àwọn ìyá ọlọ́jà wò bóyá ó yé wọn. Kí ó tó di ìgbà náà, bí ẹnìkan nílé yín bá ní rọ́bà nínú ọ̀nà ìtọ̀, ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn kan: "Mo ní rọ́bà nínú, ẹ̀jẹ̀ sì ń bá ìtọ̀ mi jáde." Kí ó sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó má dúró de ẹ̀jẹ̀ dídì.