Kẹ́hìndé Ni Ẹ̀gbọ́n

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Ọláwálé Ọlọ́fọ̀rọ̀, tí a mọ̀ sí Brymo, gbé àwo orin méjì jáde ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Gẹ̀ẹ́sì ni òpómúléró 9: Harmattan & Winter; Yorùbá ni ti Ésan. Mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé ti Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ gan-an, pé ti Yorùbá kàn tẹ̀lé e ni.

Èmi kò gbà. Ìbejì ni àwo méjèèjì, àwọn bàbá wa sì ti sọ tiwọn nípa ìbejì: Táyé ni ó kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ni ó rán Táyé níṣẹ́ kí ó lọ tọ́ ayé wò.

Wọ́n tún ní orin pẹ̀lẹ́ kò wúlò fún èrò Èkó. Pé orin tí kò bá lè borí ariwo Òṣòdì, òkú orin ni. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Okokomaiko ni a ti tọ́ Brymo. Kì í ṣe pé kò mọ ariwo. Nígbà tí Túndé King ń kọ jùjú sínú àwo fún Parlophone ní ọdún 1936, gángan kò tí ì wọ inú orin náà. Nínú pálọ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń gbádùn rẹ̀. Ta ni yóò wí pé kì í ṣe orin Èkó?

Ìsọlọ̀ ni mo ń gbé, mo sì rí ohun tí ń ṣe èdè wa. Ní Òṣòdì, Yorùbá ni a fi ń pe èrò ọkọ̀, òun ni a fi ń polówó ọjà, òun náà ni a fi ń bú ara wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ òbí bá ti wọlé ní Ìsọlọ̀, tí wọ́n tilẹ̀kùn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. A ti lé Yorùbá kúrò ní ìyẹ̀wù, a sọ ọ́ di èdè gáréèjì. Èdè tí a kò bá fi rẹ ọmọ lẹ́kún mọ́ ń kú lọ ni, bí ó ti wù kí ariwo rẹ̀ pọ̀ tó.

Nítorí náà ni Ésan fi ju àfikún lọ. Kí ẹni tí yóò dá a lẹ́jọ́ má ṣe gbé e lọ sí abẹ́ afárá Òṣòdì. Kí ó gbọ́ ọ nílé lóru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́, kí àwọn ọmọ wà nítòsí. Bí wọ́n bá bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, kí ó fi Yorùbá dá wọn lóhùn.