Oko Àjùmọ̀dá ní Lọ́kọ́ja: Bí A Ṣe Pín Ìkórè Ló Ń Pinnu Ìlera

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí oúnjẹ bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Lọ́kọ́ja, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, wà níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ilẹ̀ ẹ̀bá odò lọ́ràá púpọ̀. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ sì ń ṣe dáadáa ní agbègbè náà. Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ilẹ̀ lọ́ràá, ọ̀tọ̀ ni kí oúnjẹ aṣaralóore dé inú àwo ọmọdé. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ìlera àwọn ará ìlú ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, 37 ni kò ga tó bí ó ti yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Àìjẹun dáadáa fún ìgbà pípẹ́ àti àìsàn tí ń padà wá léraléra ló sábà máa ń fa irú èyí.

Ọ̀nà kan tí àwọn ará àdúgbò lè gbà ran ara wọn lọ́wọ́ ni oko àjùmọ̀dá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yóò fi wákàtí díẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ kan náà, láìgba owó, wọn yóò sì jọ pín irè oko ní àsìkò ìkórè. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Nínú àáró, àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣiṣẹ́ lóko ara wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, títí yóò fi kárí. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ jọ, yóò sì fún wọn ní oúnjẹ àti ohun mímu. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ó yẹ kí a fiyè sí: nínú méjèèjì, ẹni tí ó ni oko ló ni ìkórè. Iṣẹ́ ni àáró ń pín, kò pín oúnjẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ dá oko àjùmọ̀dá sílẹ̀ kò lè gbára lé àṣà àtijọ́ nìkan. Ó gbọ́dọ̀ fi ìlànà pípín kún un.

Orílẹ̀-èdè yìí ti gbìyànjú láti ti òkè wá fi iṣẹ́ àgbẹ̀ lé ebi lọ. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò Operation Feed the Nation ní ọdún 1976. Ìjọba Alàgbà Shehu Shagari gbé ètò Green Revolution kalẹ̀ ní ọdún 1980. Bí ìjọba ti ń yí padà ni ètò ń yí padà, nítorí pé ìjọba ló ni ín, kì í ṣe àdúgbò.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wá láti Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1969, Fannie Lou Hamer, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò, dá oko Freedom Farm sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Àwọn ìdílé tí kò nílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń kó ẹ̀fọ́ lọ sílé. Oko náà bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n àìtó owó àti ojú ọjọ́ tí kò dára mú kí ó kógbá wọlé ní àárín àwọn ọdún 1970. Ohun tí èyí kọ́ni ni pé inú rere nìkan kò lè gbé oko dúró. Ó yẹ kí àkọsílẹ̀ owó àti ìmọ̀ nípa ojú ọjọ́ tẹ̀ lé e.

Kí a tó gbin èso kan ṣoṣo ni ó yẹ kí a ti fohùn ṣọ̀kan lórí bí a ó ṣe pín in, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Ìpín àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn tí ó ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí iye ọjọ́ tí oníkálukú wá. Ìpín kejì jẹ́ ti àwọn aláboyún, abiyamọ, arúgbó àti aláìsàn tí wọn kò lè di ọkọ́ mú. Ìpín kẹta jẹ́ irúgbìn ọdún tí ń bọ̀. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni kí a tà láti fi ra ọkọ́ àti àdá. Bí títà bá ṣáájú, ọkọ̀ ẹlẹ́rù yóò kó irè náà lọ nígbà tí ó pọ̀ tí owó rẹ̀ kéré, ará àdúgbò yóò sì tún fi owó gọbọi rà á nígbà ọ̀wọ́n. Àwọn kan yóò ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹun. Òótọ́ ni fún ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà nínú oyún kò kọ iṣẹ́, òun ni àìjẹun ìyá rẹ̀ sì máa ń pa lára jù.

Odò náà ní ìwé ọjọ́ tirẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó lè bá a yí padà. Oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ni omi sábà máa ń kún jù ní Lọ́kọ́ja. Ìkún omi ọdún 2012 pa ènìyàn 363 ní Nàìjíríà, ó sì lé ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 2 kúrò nílé. Ti ọdún 2022 pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ, ó sì dí ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá. Ẹni tí ó bá gbin ẹ̀gẹ́, tí ó ń lo oṣù mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sí àfonífojì odò ń fi oúnjẹ ta tẹ́tẹ́ ni. Ilẹ̀ gíga ló yẹ ẹ̀gẹ́ àti iṣu. Àgbàdo tí ó tètè ń gbó, nǹkan bí oṣù mẹ́ta, lè wà nísàlẹ̀, kí a sì ká a kí oṣù kẹjọ tó parí. Nígbà tí omi bá sì fà, ilẹ̀ tútù tí ó fi sílẹ̀ dára fún tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ilá ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ẹ̀fọ́ máa ń wọ́n lọ́jà.

Ẹ̀fọ́ yìí ṣe pàtàkì. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú láti jẹ ó kéré tán gíráàmù 400 èso àti ẹ̀fọ́ lójúmọ́, kí ó sì ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá ro oko fún wákàtí méjì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà ń fún ara ní èròjà tí ń mú ọmọ dàgbà. Ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, tí ìjọba fọwọ́ sí fún gbígbìn ní ọdún 2011 lẹ́yìn iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn àti Umudike, ní fítámì A tí ń dáàbò bo ojú.

Ṣùgbọ́n kí ìṣọ́ra wà. Omi ìkún máa ń gbé ìgbẹ́ kiri, ó sì lè fa àrùn onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Omi mímọ́ ni kí a fi fọ ẹ̀fọ́ kí a tó sè é. Kí ẹni tí ó wọ ilẹ̀ olómi wọ bàtà gígùn, nítorí ejò àti kòkòrò tí ń mú kí ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Kí a sá àgbàdo àti ẹ̀pà gbẹ dáadáa kí a tó pín wọn, nítorí pé májèlé inú èyí tí ó bu ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ní Lọ́kọ́ja, àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, Núpé, Ígálà, Ẹ̀bìrà, Haúsá àti àwọn ọmọ Okun jọ ń gbé ni. Ohun tí ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ni kí ó fún àwọn àdúgbò ní ilẹ̀ pẹ̀lú ìwé, kí àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn máa kìlọ̀ fún wọn nípa omi, kí àwọn baálẹ̀, ìjọ àti mọ́ṣáláṣí sì ṣe ẹlẹ́rìí pípín. Iṣẹ́ tó kù jẹ́ ti àwọn ará àdúgbò fúnra wọn. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó bá jọ gbé ẹrù gbọ́dọ̀ mọ̀ ẹni tí ẹrù náà yóò bọ́.