Bí Ọbẹ̀ Bá Ku Iyọ̀, Ta Ló Ń Da Ìkòkò Nù?

Ká ní oníṣòwò kan ń ta irin àti símẹ́ńtì ní ṣọ́ọ̀bù méjì. Inú fáìlì kan ṣoṣo ló kó gbogbo ìwé ìṣirò rẹ̀ àti àwòrán rìsíìtì sí, fáìlì náà sì ti di gígábáìtì 2. Lálaalẹ́, bí wọ́n bá ti kọ ọjà tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà kún un, wọn yóò fi ránṣẹ́ síbi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n fi kún un kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òdindi fáìlì ló ń lọ, gígábáìtì 60 ni yóò jó lóṣù. Owó dátà rèé, owó epo jẹnẹrétọ̀ rèé, àsìkò ọmọ iṣẹ́ tó ń dúró kó lọ tán náà rèé.

Bí ọbẹ̀ bá ku iyọ̀, ta ló ń da ìkòkò nù láti se òmíràn? Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, wọn ò sì mọ̀, nítorí ohun tí wọ́n máa ń béèrè kò ju pé èló ni owó rẹ̀, àti pé báwo ni àyè ibẹ̀ ṣe tóbi tó.

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn fún àwọn tó ni ibi ìpamọ́ pàápàá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ wọn: wọ́n á gé fáìlì ńlá sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mélòó kan, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, òmíràn á wà. Nínú ìwé tí àwọn onímọ̀ Google gbé jáde lọ́dún 2003, mẹ́gábáìtì 64 ni wọ́n ní àwọn ń gé e sí, ẹ̀dà mẹ́ta sì ni ti ìkọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ tún àárín fáìlì ṣe, àfi kí ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí padà bákan náà. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù sẹ́yìn, irọ́ ni yóò máa pa fún ẹni tó bá ṣí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ètò náà kí èèyàn máa fi nǹkan kún ìparí fáìlì, ju kó máa tún àárín rẹ̀ ṣe lọ. Ní S3 tí Amazon dá sílẹ̀ lọ́dún 2006, kò sí àyè láti tún àárín ṣe rárá. Òdindi tuntun ni wọ́n fi ń rọ́pò ti àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ ti wà tipẹ́. Lọ́dún 1996 ni Andrew Tridgell àti Paul Mackerras, ní Ọsirélíà, gbé rsync jáde, èyí tó ń fi fáìlì tuntun wé ti àtijọ́, tó sì jẹ́ pé ibi tó yí padà nìkan ló ń fi ránṣẹ́. Dropbox ń gé fáìlì sí mẹ́gábáìtì 4, OneDrive ti Microsoft náà sì mú irú ètò bẹ́ẹ̀ dé orí gbogbo irú fáìlì lọ́dún 2020. Nítorí náà, iléeṣẹ́ tó bá ń ta ibi ìpamọ́ fún oníṣòwò kéékèèké gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síta gedegbe: bí oníbàárà bá yí ìlà kan padà, báwo ni dátà tí yóò lọ ṣe pọ̀ tó?

Àwọn kan á ní owó dátà kò tó ohun tí èèyàn ń pariwo lé lórí. Ṣé wọ́n ti gbàgbé pé ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC gbà kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn?

Kí oníṣòwò tó sanwó, kó kọ́kọ́ dán an wò: kó fi fáìlì ńlá kan pamọ́, kó yí ìlà kan padà, kó wo iye dátà tó lọ. Kó pín ìwé ìṣirò rẹ̀ sí oṣooṣù, kó jẹ́ pé ti oṣù tó wà lórí iṣẹ́ nìkan ni yóò máa lọ. Kó yéé di fáìlì pọ̀ sínú zip, nítorí àyípadà díẹ̀ lè yí ibi tó pọ̀ nínú rẹ̀ padà. Kí ṣọ́ọ̀bù méjèèjì má ṣe máa kọ̀wé sínú fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́ títí tuntun á fi dé pé.

Èrè oníṣòwò kékeré kò pọ̀ débi tí yóò fi máa dà á nù lálaalẹ́. Bó bá jẹ́ iyọ̀ ló kù, iyọ̀ náà ni kó bù sí i.