Ta Ló Ń Dá Iye Lé Kòkó Wa?

Olóòtú,



Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí Nàìjíríà ti di alájọṣe ẹgbẹ́ BRICS ni àríyànjiyàn kò ti tán níbi ìsọ̀ télọ̀ tí a máa ń jókòó sí. Àwọn kan ní kí a tẹ̀lé Ṣáínà àti Rọ́ṣíà, àwọn kan ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì la ti mọ̀ tipẹ́. Àgbẹ̀ kòkó ni mí, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Láyé bọ́ọ̀dù, ìjọba nìkan ló ń dá iye lé kòkó. Wọ́n ní nítorí tiwa ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń san fún wa kò tó ohun tí wọ́n ń tà á nílùú Òyìnbó. Owó náà kọ́ ilé-ìwé o, n kò jiyàn. Síbẹ̀, iye kòkó tó lọ sílẹ̀ wà lára ohun tó bí Àgbẹ̀kọ̀yà ní 1968, yàtọ̀ sí ti owó orí. Nígbà tó di 1986, SAP dé, wọ́n tú bọ́ọ̀dù ká, wọ́n ní kí ọjà máa dá iye fúnra rẹ̀. Owó kọ́kọ́ dùn. Mo fi páànù tuntun bo ilé. Kò pẹ́ tí àwọn alágbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í ra kòkó tí kò tíì gbẹ, tí orúkọ kòkó wa sì bàjẹ́ lókè òkun.

Ẹ wá wò ó. Amẹ́ríkà tó ń wàásù òwò ọ̀fẹ́ fún wa ló kéde owó ibodè ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà Nàìjíríà ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ààrẹ Ṣáínà, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, ló lọ sí Davos ní 2017 tó ń gbèjà òwò ọ̀fẹ́ kan náà! Yúróòpù ní tiwọn ṣòfin ní 2023 pé àwọn kò fẹ́ kòkó láti oko tí wọ́n gé igbó dá lẹ́yìn ọdún 2020. Igbó tiwọn ńkọ́, ta ló gé e?

Ní 2024, kòkó kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, lẹ́yìn náà ló tún já wálẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù àti Nú Yọ́ọ̀kì ni wọ́n ti dá iye méjèèjì. Gánà àti Ivory Coast fohùn ṣọ̀kan ní 2019, wọ́n bu 400 dọ́là lé tọ́ọ̀nù kan fún àwọn àgbẹ̀ wọn. Àwa kò sí níbẹ̀.

Ẹ bá mi bi àwọn tó ń lọ ṣojú wa ní BRICS: ṣé àwọn ọ̀rẹ́ tuntun yìí yóò bá wa dá ilé iṣẹ́ tí yóò máa lọ kòkó nílé níbí sílẹ̀ ni, àbí kóró gbígbẹ náà ni wọ́n ń bọ̀ wá kó?

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ kòkó kan,
Ìdànrè.