Kí Wọ́n Wá Ara Wọn Nígbà Tí Ẹnu Ṣì Ń Dáhùn

Bí àgbà méjì tó jọ kàwé bá pàdé ní Broad Street, láàárín ìgboro Monrovia, wọn kì í kàn bọ ara wọn lọ́wọ́ lásán. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti fẹ́ yọ kúrò nínú àtẹ́lẹwọ́, ìka àárín ẹnì kìíní á kọ́ ti ẹnì kejì, wọn á jọ ta á, á dún pàá. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Làìbéríà ṣe ń kí ọ̀rẹ́. Làkúrègbé lè ti wọ oríkèé ìka yẹn, ojú lè ti di bàìbàì débi pé ohùn ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀, síbẹ̀ ìka ò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹnì kan ò lè dá irú rẹ̀ ta. Ẹnì kejì ọ̀hún ló ń wọ́n sí i lójoojúmọ́ fún àwọn tó jáde ní Yunifásítì Làìbéríà láàárín 1960 sí 1980.

Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ti pẹ́. 1851 ni òfin dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Liberia College, ó sì di yunifásítì ní 1951. Orí òkè Capitol Hill ló wà, ó dojú kọ ilé ààrẹ, ohun tó bá sì ti bá ìjọba kì í fo akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ dá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, 1980, wọ́n pa Ààrẹ William Tolbert, ológun gba ìjọba. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ, 1984, àwọn ọmọ ogun Samuel Doe, olórí àwọn ológun tó gba ìjọba náà, ya wọ inú ọgbà, wọ́n yìnbọn, wọ́n na akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fipá bá obìnrin lò, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn lórí Amos Sawyer, olùkọ́ wọn tí ìjọba tì mọ́lé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, 1989, ogun bẹ́ sílẹ̀. 2003 ló tó tán pátápátá. Nǹkan bí 250,000 ènìyàn ni wọ́n fojú bù pé ó bá a lọ. Kíláàsì kan náà fọ́n ká bí ẹ̀wà tó tú lápò: àwọn kan bá ara wọn ní àgọ́ Buduburam ní Gánà, àwọn kan ní Orù, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn mìíràn ní Staten Island, ní Philadelphia, ní Brooklyn Park ní Minnesota. Àwọn kan ò sì kúrò ní Monrovia rárá.

Wọ́n kó yunifásítì náà lẹ́rù nígbà ogun, ìwé ṣòfò. Fọ́tò ọjọ́ ìgboyè jóná mọ́ ilé. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyí, ẹnu ojúgbà ni ìwé àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Ọmọ tí wọ́n bí sí Minnesota lè mọ bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú arúgbó. Ẹni tó jókòó tì í ní kíláàsì ní 1971 ló lè sọ fún ọmọ náà pé bàbá yìí ni gbogbo wọn ń sá tọ̀ bí ìdánwò ìṣirò bá ku ọ̀la. Bí ẹni yẹn bá kú láìsọ ọ́, ó tán nìyẹn.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n eré ni òwe yẹn ń sọ. Kò sọ pé kí ogún àgbà má bèèrè ara wọn.

Ohun tó ń dunni ni pé isà òkú ti di ibi ìpàdé wọn. Ní Làìbéríà, Ọjọ́rú kejì nínú oṣù Kẹta ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún títún ibojì ṣe. Ìsinmi ni fún gbogbo ìlú. Wọ́n á ro koríko, wọ́n á fi ọ̀dà funfun kun símẹ́ńtì, wọ́n á tún orúkọ kọ. Àṣà tó lẹ́wà ni. Kò yẹ kó jẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan ni kíláàsì kan máa ka orúkọ ara wọn. Ẹni tó bá ń dúró de ìsìnkú kó rántí 2014, nígbà tí àrùn Ebola dé. Ó lé ní 4,800 ènìyàn tó kú ní Làìbéríà. Ìjọba ní kí wọ́n máa dáná sun òkú ní Monrovia. Kò sí ìṣọ́ òkú, kò sí àpéjọ. Bíbọwọ́ pàápàá di èèwọ̀. Àwọn tó fi ìkíni pamọ́ di ọjọ́ ìsìnkú kò rí ìsìnkú náà lọ.

Wíwá ara ẹni tún ń ṣe ara lóore. Ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Harvard bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé 268 akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti 1938, títí wọ́n fi di arúgbó. Ohun tí wọ́n rí ni pé àjọṣe tó tẹ́ ènìyàn lọ́rùn ní ọmọ àádọ́ta ọdún ń sọ bí ara rẹ̀ yóò ṣe le tó ní ọgọ́rin, ju bí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Kí ló wá ń dí àwọn àgbà wọ̀nyí lọ́wọ́ láti wá ara wọn? Owó ni, ju ohun mìíràn lọ. Ẹni tó wà lókè òkun rí nọ́ńbà Làìbéríà, ọkàn rẹ̀ mì: òrùlé ti jò, àbí owó oògùn. Kò gbé e. Ẹni tó wà nílé náà mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ò gbé e ni, ìtìjú mú un, kò tún pè mọ́, bóyá kí ó kàn sọ pé ìyàwó òun ti kú ló fi pè. Báyìí ni ọ̀rẹ́ àádọ́ta ọdún ṣe ń parẹ́ láìjà. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde sì ń dá kún un, nítorí pé owó dídá ni gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ síra wọn. Kí wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀. Kí akápò máa bèèrè owó. Kí ẹlòmíràn, tí kò gbọ́dọ̀ dárúkọ owó láé, máa pe ènìyàn mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹni tó wà lókè òkun ni kó kọ́kọ́ pè, kí ẹni tó wà nílé má bàa dà bí alágbe.

Ìdíwọ́ kan tún wà tí agbára ò ká. Àwọn kan nínú kíláàsì kan náà sin ìjọba tó ti àwọn yòókù mọ́lé. Kò sẹ́ni tó láṣẹ láti fipá mú ẹni tí wọ́n nà pé kó pe ẹni tó dúró wò ó. Kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta tó ṣì fẹ́ràn ara wọn nínú ogójì tó kíláàsì.

Nínú oṣù Kẹfà, bí aago bá lu méjì ọ̀sán ní Minneapolis, aago méje alẹ́ ni ní Monrovia. Òjò á ti máa lu páánù ní àdúgbò Sinkor níbẹ̀, wọ́n á ti jẹun tán, fóònù á wà lẹ́bàá fèrèsé níbi tó ti ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àkókò yẹn dára láti pè.